Ilé Tó Mọ́ Jù Lọ ní Ìbà

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tiwa, bí a bá ti yọ lójú títì pẹ̀lú ṣòkòtò kákí àti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ ó máa gbọ́ ariwo ìgbálẹ̀ láti ilé dé ilé. A ó wo gọ́tà, a ó wo ṣáláńgá, a ó ṣí ìkòkò omi, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti wò ó bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń dàgbà di ẹ̀fọn. Bí a bá rí i, onílé á gba ìwé kóòtù. Òjó, Ìbà àti Okokomáíkò ni wọ́n fi èmi sí, mo sì mọ ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ibẹ̀ ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọn kò fẹ́ràn mi. Èmi náà kò wá ìfẹ́ lọ síbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi wo ilé méjì kan nígbà tí mo ń wá ibi tí ìyá mi yóò kú sí.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí ọsibítù ń ní kí aláìsàn lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá láti ìta. Màámi ti rí kókó kan lọ́mú wọn ní ohun tó ju ọdún kan lọ, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n fi máa kúrò nílùú wá bá mi ní Okokomáíkò, ó ti di egbò, ó sì ti ń rùn. Èmi nìkan ló kù nínú ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí. Dókítà wò wọ́n, ó fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, kò sí ohun tí àwọn lè fi ọ̀bẹ ṣe mọ́, kí n máa gbé wọn lọ sílé. Ó ní oṣù méjì, bóyá mẹ́ta. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì padà, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ bó ṣe dùn mí tó lọ́jọ́ náà, irọ́ ni n ó pa, nítorí kò dùn mí. Gbogbo inú mi kàn kú bí ẹsẹ̀ téèyàn ti jókòó lé fún ìgbà pípẹ́.

Yàrá kan péré la ní, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí gbogbo wa jọ ń lo ṣáláńgá kan. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù keje. Òun ló ń wẹ egbò náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sì ráhùn rí, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tí yóò lọ sẹ́yìn ilé lọ bì. Màámi náà rí i. Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ọkọ mi," bí wọ́n ṣe ń pè mí láti kékeré nìyẹn, "wá ibì kan fún mi."

"Ibì kan bíi ti ibo, Màámi?"

"Kì í ṣe inú yàrá tí ẹ máa gbé ọmọ tuntun wọ̀ ni n ó kú sí. Ìwọ tó ò ń wo ilé onílé kiri, wo ọ̀kan fún èmi náà."

Ìyàwó mi sunkún nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, "Dádì, kí layé máa wí? Pé mo lé ìyá ọkọ mi jáde ni wọ́n máa sọ." Mo ní ayé kò bá wa wẹ egbò, kí ayé náà gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ líle ni, kò sì yẹ kí n sọ ọ́ fún aboyún, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà náà nìyẹn.

Nígbà yẹn, kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé obìnrin méjì wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń gba àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé, tí ilé kò sì lè gbà wọ́n. Ọ̀kan wà ní Igbó-Elérin, èkejì wà ní Ìbà. Mo mú ìwé pélébé mi, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo lọ wò wọ́n.

Ti Igbó-Elérin ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn ìjọ aláṣọ funfun kan ni, yàrá gígùn kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tí wọn kò sì rẹ́. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà ló ni ín. Láti ẹnu ọ̀nà ni òórùn ìtọ̀ ti pàdé mi. Obìnrin mẹ́ta ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀kan lórí fóòmù, méjì lórí ẹní, aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sì kún gbogbo orí àga débi pé n kò ríbi jókòó. Ìyá Àdúrà ń fi ṣíbí fún ọ̀kan nínú wọn ní ògì, wọn kò sì dìde.

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Mo dúró. Nígbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ wọn tutù, ó rin gbindin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè bí mo ṣe máa ń bi onílé: ta ní ń fọ aṣọ, níbo ni wọ́n ń da ìgbẹ́ sí, ṣé wọ́n ní oògùn ìrora. Mi ò tíì bi wọ́n dé ìdajì tí ohùn kan fi sọ láti orí ẹní pé, "Omi." Ìyá Àdúrà fi mí sílẹ̀, wọ́n lọ bu omi. Wọ́n padà, a tún bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ní omi, wọ́n tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ mi dúró lọ́jọ́ náà. Inú ń bí mi, mo rò pé obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Ìkòkò omi náà wà ní igun yàrá, kò ní ọmọrí, ife kan léfòó lójú rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. N kò rí tanwíjí, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ọ̀nà ni wọ́n wà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: òórùn ìtọ̀, eṣinṣin, ìkòkò kò ní ọmọrí. Mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ní ìwé yẹn.

Ilé ti Ìbà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣì ń fi aago kékeré kọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun ògiri, nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì onírin mẹ́rin wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé pinpin bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ọba wá sùn síbẹ̀. Òórùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ti oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù, òórùn tí ó dùn mọ́ èmi ju ti lọ́fínńdà lọ. Mo fi ìka nu ojú fèrèsé, kò sí eruku. Mo wo gọ́tà, ó mọ́. Mo lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì tí ìyá arúgbó kan sùn sí, mo tọrọ gáfárà, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ fóòmù, mo sì gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó gbẹ. Kò rùn.

"Ṣé kò sí ẹni tó ń tọ̀ sára níbí ni?"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Níbí kọ́, Ọ̀gá."

Ó mú mi lọ sí pálọ̀, ó gbé omi tútù wá láti inú fíríìjì, nínú gíláàsì lórí tírè, pẹ̀lú aṣọ aláràbarà tí ó hun fúnra rẹ̀ tó fi bo ẹnu gíláàsì. Mo wo inú rẹ̀ kí n tó mu ún, mi ò kì í mu omi tí n kò wò. Ó mọ́ gaara. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ilé tó mọ́ jù lọ ní Ìbà nìyí. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún Màámi tán, wọ́n ń wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Gbé mi lọ síbẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àìkú, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni nọ́ọ̀sì ní kí n máa wá. Mo ń lọ láìyẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá dé, Màámi ti wẹ̀, wọ́n ti fi páúdà sí wọn lọ́rùn, wọ́n ti di irun wọn. Egbò náà ní báńdéèjì tuntun. N ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì á gbé omi tútù mi wá, n ó mu ún bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Báwo ni ibí, Màámi?"

"Ibí mọ́."

Gbogbo ìgbà ni èsì náà rí bẹ́ẹ̀. Ibí mọ́. Inú mi máa ń dùn, ìyẹn bí mo bá lè pe ohun tó ń ṣe mí nígbà náà ní dídùn inú. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀gá mi bá fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ. Mo máa ń fi ojú fèrèsé han Màámi, mo máa ń fi ìka mi hàn wọ́n pé ẹ wò ó, kò sí eruku, nínú ọyẹ́ yìí! Wọ́n á mi orí.

Ọyẹ́ ti dé lóòótọ́. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo sì ra òrí wá láti ọjà Òjó, mo ń fi ọwọ́ ara mi kùn ún fún wọn. Ahọ́n wọn wúwo, ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́ra, mo sì gbà pé àìsàn ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kejì, bí mo ṣe mu omi mi dé ìdajì, wọ́n na ọwọ́.

"Fún mi ní èyí tó kù."

Mo ní, "Màámi, mo ti fẹnu kàn án. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín bu òmíràn."

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tiwọn tán ni, Ọ̀gá."

Mo gbé gíláàsì náà padà sórí tírè. Ó gbé e lọ. Màámi wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ ilé ìdáná, wọ́n sì bi mí léèrè nípa oyún ìyàwó mi.

Ìlànà kan wà nínú iṣẹ́ wa tí wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: má ṣe lọ sí ilé kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń retí rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń retí rẹ, gbogbo ilé ló mọ́. Mo fi ìlànà yìí mú ọ̀pọ̀ onílé tí wọ́n gbọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún mi ni mo lọ wo ìyá mi, ní aago tó dá.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, iṣẹ́ gbé mi dé òpópónà náà láàárọ̀. Mo ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ìgbà tí ó kan ilé nọ́ọ̀sì, mo kàn wọlé bí mo ṣe ń wọlé gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yìnkùlé ni nọ́ọ̀sì wà, ó ń sá aṣọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ Màámi tán ni. Màámi kọjú sí ògiri, wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Táwẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n fi nù wọ́n lára ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti kó etí rẹ̀ sẹ́nu, wọ́n ń fà á. Wọ́n ń fà á bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú. Wọ́n á fà á, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wá ibòmíràn tó ṣì rin lára rẹ̀, wọ́n á tún fà á.

Mo dúró síbẹ̀. Mi ò lè sọ iye ìṣẹ́jú.

Nígbà tí wọ́n yíjú rí mi, wọ́n ti táwẹ́ẹ̀lì náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ọkọ mi, òní kì í ṣe Ìṣẹ́gun."

"Kí lẹ ń ṣe, Màámi?"

Wọ́n wò mí, wọ́n wo tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi. "Ibí mọ́," ni wọ́n sọ.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì lẹ́yìnkùlé. Mo bi í pé ìgbà wo ni ìyá mi mu omi kẹ́yìn.

"Láàárọ̀. Ṣíbí mẹ́rin. Wọ́n á tún mu mẹ́rin nírọ̀lẹ́."

"Ṣíbí?"

Kò bínú. Ó sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí okùn tán kí ó tó dá mi lóhùn. "Ọ̀gá, bí wọ́n bá mu omi, wọ́n á tọ̀. Bí wọ́n bá tọ̀, ẹ̀yìn wọn á bó, egbò á di méjì, ilé á máa rùn. Kò sí ẹnìkan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń mú èèyàn wá tó bi mí nípa omi rí. Bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo yín ń tẹ̀. Ẹ̀yin gan-an, ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín lójú mi."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti ọwọ́ bọ àpò láti mú ìwé kóòtù, mo ti ṣí i dé ojú ewé tó ṣófo, kí n tó rántí pé kò sí òfin kankan tí obìnrin yìí rú. Gọ́tà rẹ̀ mọ́. Ṣáláńgá rẹ̀ mọ́. Mo dá ìwé padà sápò. Ojú tì mí, ìbínú tí mo ní sí i kò sì tó ìdajì èyí tí mo ní sí ara mi. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, mo ń fi òrí kun làpálàpá.

Alájọgbélé mi kan ní táksì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a ti gbé Màámi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n ká, a sì forí lé Igbó-Elérin.

Ìyá Àdúrà kò bi mí ìdí tí mo fi padà wá. Wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n tẹ́ ẹní, a gbé Màámi sórí rẹ̀, Ìyá Àdúrà bu omi láti inú ìkòkò náà, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ẹ gba omi."

Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wọlé dé, omi la ó kọ́kọ́ fún un kí a tó béèrè ohun tó gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é fún èmi ní Ìbà lójú ìyá mi.

Màámi fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú. Wọ́n mu ún kíákíá, ó ń ṣàn sí wọn lágbọ̀n. Ìyá Àdúrà fi ọwọ́ gbé ìpàkọ́ wọn. "Díẹ̀díẹ̀, Màmá. Kò tán nínú ìkòkò." Wọ́n mu ife kan, wọ́n sinmi, wọ́n mu òmíràn. Lẹ́yìn ìkẹta, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì dijú.

Kò pé wákàtí kan tí wọ́n tọ̀ sára. Mo ń wò ó bó ṣe ń ràn kálẹ̀ lára ẹní. Màámi ṣíjú wò mí, ẹ̀rù bà wọ́n, èmi gan-an ni wọ́n sì ń bẹ̀rù. Mi ò tíì rí ìyá mi tó bẹ̀rù mi rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́ láé.

"Ọkọ mi, mo ti ba ilé wọn jẹ́."

Ìyá Àdúrà ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bà á jẹ́, Màmá. Ẹ yí padà, kí n rí ẹ̀yìn yín."

Mo bọ́ ẹ̀wù kákí mi, mo fi kọ́ ìṣó ara ògiri, mo gba aṣọ tó ti rin náà, mo lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dé ibẹ̀, láìdá ọjọ́. Mo ń fọ aṣọ, mo ń yí Màámi láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nítorí Ìyá Àdúrà sọ fún mi pé kì í ṣe ìtọ̀ nìkan ló ń bó ẹ̀yìn aláìsàn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ lójú kan ló burú jù. Ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sọ èyí fún mi. Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ méjì ló ní, ẹni mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ló sì rọrùn jù láti dín kù.

Ní ọjọ́ kẹta, Màámi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn wọn ti já gaara.

"Wolé-wolé, ìkòkò wọn kò ní ọmọrí o. Ṣé o ò ní kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ra ọmọrí lọ́jà, mo gbé e wá. Ní ọjọ́ kejì, mo bá a lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì, wọ́n ti fi dí i. Ìyá Àdúrà ní kí n má bínú, ta ló máa ń ráyè ṣí ọmọrí nígbà ogún lóòjọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni mo tó lè bi Màámi. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà, mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá bi wọ́n, wọn kò ní sọ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màámi?"

"Kí n sọ pé kí ni? Ìwọ lo yan ibẹ̀. Inú rẹ ń dùn, ò ń fi ìka hàn mí pé kò sí eruku. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìgbà yẹn nìkan ni mo rí ọ tínú rẹ dùn." Wọ́n yíjú sí ìkòkò omi. "Mo sì sọ fún ọ. Mo ní kí o fún mi ní èyí tó kù."

Mo fẹ́ tọrọ ìdáríjì. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé kí wọ́n jẹ́ kí n yí wọn padà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò ní Igbó-Elérin. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án, mo wà ní Òjó, mo ń wo gọ́tà ọkùnrin kan tó ń bá mi jiyàn, nígbà tí wọ́n rán ẹnì kan wá pè mí. Mo parí gọ́tà náà. Mo kọ ìwé fún ọkùnrin náà, mo ní kó fọwọ́ sí i, kí n tó tẹ̀ lé ẹni tó wá pè mí. Àwọn kan ṣì ń fi ìyẹn bú mi. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ mi ni ó ń kọ̀wé, mo kàn ń wò ó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Ìyá Àdúrà ti wẹ̀ wọ́n, orí ẹní kan náà ni wọ́n wà, ẹnu wọn kò sì gbẹ. Mo kúnlẹ̀ láti wò ó. Ètè wọn ti jinná. Ìyàwó mi bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin ni, ẹ mọ orúkọ tí a sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo sọ ọ́.

Títí di òní, àwọn tó mọ iṣẹ́ tí mo ṣe máa ń bẹ̀ mí kí n bá wọn wo ibi tí wọ́n fẹ́ gbé aláìsàn wọn lọ. Ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i nísinsìnyí, wọ́n ní pátákó lójú títì. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ lọ́jọ́ tí wọn kò retí wọn, kí wọ́n wo ètè àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n wò ó bí ẹnikẹ́ni yóò bá dá ọ̀rọ̀ wọn dúró nítorí aláìsàn tó pè. Bí wọn kò bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n á ní, ṣé kí àwọn má wo ìmọ́tótó ni? Mo ní kí wọ́n wò ó, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi í gbẹ̀yìn.

Àárọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí Màámi kú ni mo ń rántí jù. Ọyẹ́ bo gbogbo Igbó-Elérin, ẹnu ọ̀nà ìjọ kò hàn dáadáa. Mo yà síbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo wọ kákí, tọ́ọ̀ṣì wà lápò mi. Mo bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n dúró, wọ́n wò mí pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà wọ́n na ife náà sí mi.

"Mu èyí tó kù."

Omi inú ìkòkò tí kò ní ọmọrí ni. Ẹnu wọn ti kàn án. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mi ò wo inú rẹ̀, mo sì mu ún tán.